Ilé tí ọmọ mi fẹ́ rà, ṣé inú ìkòkò iná ló wà?

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Ìbàdàn ni mo ti ń kọ̀wé yìí. Ọmọ mi Kẹ́hìndé ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì lọ́dọ̀ àwọn ológun ojú omi Amẹ́ríkà ní Kaneohe, ní Hawaii. Òun àti ìyàwó rẹ̀ fẹ́ ra ilé sí ìlú kan tí wọ́n ń pè ní Kailua. Àbúrò mi tó mọ íntánẹ́ẹ̀tì lò ló wá sọ fún mi pé ẹnu òkè ayọnáyèéfín ni Kailua wà, ó sì fi fídíò ibi tí iná ti ń ṣàn bí omi hàn mí, tó ń jó ilé onílé. Láti ọjọ́ yẹn ni mi ò ti rí oorun sùn dáadáa. Kẹ́hìndé ní kí n fọkàn balẹ̀, pé òkè náà ti kú tipẹ́. Ṣé òkè máa ń kú ni? Nígbà tó wálé lọ́dún tó kọjá, ó mú òkúta dúdú kan tó ní àmì funfun wínníwínní lára wá fún mi látibẹ̀. Ẹnì kan tún ti sọ fún mi báyìí pé èèwọ̀ ni kéèyàn kó òkúta ibẹ̀ kúrò. Kí ni kí n ṣe?" Ìyá Ìbejì ló fi ìbéèrè yìí ránṣẹ́.

Ìyá Ìbejì, ẹ kú àníyàn ọmọ. Ọlọ́run á bá wa dá wọn sí. Bí mo ṣe gbọ́ lẹ́tà yín yé, ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá iná lè ti abẹ́ ilẹ̀ bú jáde mọ́ Kẹ́hìndé àti ìdílé rẹ̀ lójú oorun, ẹ sì fẹ́ mọ̀ bóyá kó fowó sílẹ̀ fún ilé náà tàbí kó fi í sílẹ̀. Àbúrò yín kò parọ́ nípa ibi tí ìlú náà wà. Àmọ́ fídíò tó fi hàn yín kì í ṣe ti ìlú náà, ohun tó sì yẹ kí ẹ bi Kẹ́hìndé léèrè nípa ilé yẹn, omi ni, ẹ fi ti iná sílẹ̀. Ọdún mẹ́ta ni mo fi bá àwọn tó ń wá omi abẹ́ ilẹ̀ ṣiṣẹ́ ní erékùṣù yẹn. Mo ti wọ inú òkè tí ẹ ń bẹ̀rù yìí, mo ti fi ọwọ́ kan ìfun rẹ̀, òtútù àti omi nìkan ni mo sì bá níbẹ̀.

Kí n kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ orúkọ, torí mo fura pé ibẹ̀ ni ìdààmú yín ti bẹ̀rẹ̀. Kailua méjì ló wà ní Hawaii. Ọ̀kan wà ní erékùṣù Oahu, níbi tí Honolulu olú-ìlú wà, òun ló sì sún mọ́ bárékè Kaneohe. Èkejì, tí wọ́n máa ń pè ní Kailua-Kona kí wọ́n má baà ṣì í mú fún ti àkọ́kọ́, wà ní erékùṣù mìíràn tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní Erékùṣù Ńlá. Ẹsẹ̀ òkè Hualalai ni Kailua-Kona wà. Hualalai yọná kẹ́yìn ní ọdún 1801, kò sì sí onímọ̀ kankan tó kà á mọ́ òkú. Erékùṣù Ńlá yìí kan náà ni Kilauea àti Mauna Loa wà. Kilauea ló pa ilé tó tó 700 run ní ọdún 2018, Mauna Loa sì yọná ní ìparí ọdún 2022. Nítorí iná yìí, wọ́n pín gbogbo Erékùṣù Ńlá sí ìsọ̀rí mẹ́sàn-án lórí máàpù, èyí tí wọ́n kọ 1 sí lára ló léwu jù. Oahu kò sí lórí máàpù yẹn rárá. Àbúrò yín tẹ Kailua sínú Google, Google sì kó èyí tó gbóná jù wá fún un. Láti ìlú tí Kẹ́hìndé fẹ́ gbé dé Kilauea lé ní kìlómítà 300, orí òkun sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀nà náà wà. Ẹ fojú inú wò ó bí ẹni tó wà ní Èkó tí wọ́n ní iná ń jó ní Ìlọrin, tí òkun sì tún wà láàárín ìlú méjèèjì.

Síbẹ̀, ẹ má tíì bá àbúrò yín wí tán, torí Kailua ti Oahu wà lórí òkè ayọnáyèéfín lóòótọ́, kódà àárín gbùngbùn rẹ̀ ló wà. Òkè ńlá méjì ló para pọ̀ di Oahu. Waianae wà níwọ̀ oòrùn, òun ló dàgbà jù. Koolau wà ní ìlà oòrùn, ó sì ti yọrí sókè láti inú òkun ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 3 ọdún sẹ́yìn. Nígbà tí Koolau wà láàyè, ó ní ibi kòtò kan ní orí rẹ̀ tó gùn tó kìlómítà 13, tó sì fẹ̀ ju kìlómítà 6 lọ. Ẹ̀gbẹ́ Kaneohe ló ti bẹ̀rẹ̀, ó sì lọ sí apá Waimanalo, Kailua sì wà láàárín rẹ̀. Irú kòtò yìí ni àwọn onímọ̀ ń pè ní kàlìdẹ́rà. Ọ̀rọ̀ àwọn ará Sípéènì ni, ìkòkò ńlá ló sì túmọ̀ sí.

"Ẹnu òkè" tí àbúrò yín pè é ló kó ẹ̀rù bá yín, mi ò sì rò pé ó bá a mu. Ẹnu ṣí sílẹ̀, ohun tó wà nínú lè tú jáde nígbàkígbà. Kàlìdẹ́rà kì í ṣe ojú ihò tí iná ń gbà jáde. Ibi tí òrùlé òkè ti já wọlé ni. Òkúta yíyọ́ máa ń kóra jọ sábẹ́ orí òkè. Bó bá wá rí ọ̀nà ṣàn jáde ní ẹ̀gbẹ́ ìsàlẹ̀, ohun tó gbé orí òkè ró ti lọ nìyẹn, orí náà á sì rọ̀ wálẹ̀. Ẹ ti rí ilé tí ọ̀gbàrá gbẹ́ yanrìn abẹ́ rẹ̀ lọ, tí ilẹ̀ pálọ̀ sì rì wọlé nígbà tí ògiri ṣì dúró. Bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí. Gbogbo ayé ló wo irú rẹ̀ ní Kilauea lọ́dún 2018: bí òkúta yíyọ́ ṣe ń dé abúlé ní ìsàlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni orí òkè ń rì díẹ̀díẹ̀ láti oṣù Karùn-ún títí di oṣù Kẹjọ, títí kòtò rẹ̀ fi jìn tó nǹkan bí 500 mítà. Ti Koolau ṣẹlẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà ní ayé rẹ̀. Bí ó bá rì, òkúta yíyọ́ tuntun á dà kún inú rẹ̀, á dì, á tún rì. Ìdí nìyẹn tí ìkòkò náà fi kún fún òkúta dídì dé etí. Òkè ṣóńṣó tí wọ́n ń pè ní Olomana, tí Kẹ́hìndé á máa rí láti ojú fèrèsé bó bá ra ilé sí Kailua, ara òkúta tó kún inú ìkòkò yẹn ni. Àyíká rẹ̀ ti wó lọ, òun ló ṣẹ́ kù.

Ẹ bi mí pé ṣé òkè máa ń kú. Ó máa ń kú, ohun tó sì pa Koolau ni pé ó kúrò lórí ààrò. Ibì kan wà lábẹ́ òkun Pàsífíìkì tó gbóná ju àyíká rẹ̀ lọ, ibi náà kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣípò. Àmọ́ ilẹ̀ abẹ́ òkun tó wà lórí rẹ̀ ń rìn lọ sí àríwá ìwọ̀ oòrùn, nǹkan bí ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan lọ́dún. Bí ẹnì kan bá ń fa pákó kọjá díẹ̀díẹ̀ lórí àdògán, ojú ibi tó bá wà lórí iná ló ń jó, bó bá sì ti kúrò níbẹ̀, á tutù, ibòmíràn á bọ́ sí i. Kauai ló kọ́kọ́ kọjá, lẹ́yìn náà Oahu, lẹ́yìn rẹ̀ Molokai àti Maui. Erékùṣù Ńlá ló wà lórí ààrò báyìí, òkè tuntun kan tó ń jẹ́ Kamaehuakanaloa sì ti ń hù lábẹ́ omi lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn ọmọ bíbí Hawaii ti mọ ètò yìí kí àwa oníwèé tó dé. Nínú ìtàn wọn, Pele, òrìṣà iná, kọ́kọ́ gbé Kauai, ó fi ọ̀pá rẹ̀ wa ilẹ̀, omi ba iná rẹ̀ jẹ́, ó kọjá sí Oahu, ó tún kọjá sí Maui, títí ó fi ríbi fìdí kalẹ̀ sí ní Kilauea. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ìtàn yìí lẹ́nu àgbàlagbà kan tó ń gbin ìṣu kókò ní ẹ̀gbẹ́ Kaneohe, mo rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá ni mo tò ó pọ̀ mọ́ ọjọ́ orí àwọn òkè náà, ẹ̀rín sì kúrò lẹ́nu mi.

Koolau ti sún kúrò lórí ààrò, ó dákẹ́ ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 2 ọdún sẹ́yìn. Nítòsí àkókò yẹn ni ohun tó burú jù nínú ìtàn rẹ̀ ṣẹlẹ̀: ẹ̀gbẹ́ òkè náà tó dojú kọ àríwá ìlà oòrùn ya lulẹ̀, ó wọ òkun lọ. Mi ò sọ ti ilẹ̀ tó yẹ̀ lẹ́bàá títì. Òkúta tó ya yẹn tàn ká ìsàlẹ̀ òkun ju 200 kìlómítà lọ. Èkúfọ́ rẹ̀ kan ṣoṣo, tí wọ́n pè ní Tuscaloosa, gùn tó kìlómítà 30, ó fẹ̀ tó kìlómítà 17, ó sì ga tó bíi kìlómítà méjì láti ìsàlẹ̀ òkun. Nínú gbogbo ilẹ̀ yíya tí wọ́n tíì rí àpá rẹ̀ láyé, èyí wà lára àwọn tó tóbi jù. Nítorí náà, ìdajì ìkòkò tí ẹ ń bẹ̀rù yìí ti fọ́ sínú òkun kó tó di pé èèyàn kankan dé erékùṣù náà.

Ìdajì tó kù ni omi mú. Orúkọ Koolau fúnra rẹ̀ túmọ̀ sí apá tí afẹ́fẹ́ ti ń wá. Láti àríwá ìlà oòrùn ni afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá sórí Oahu ní ọ̀pọ̀ ọjọ́ nínú ọdún, ó rù omi òkun, ó dé ara òkè, ó gùn ún, ó tutù, ó sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀. Àwọn ibì kan wà ní téńté òkè yẹn tí òjò ọdún kan níbẹ̀ lé ní mítà 6. Ìyẹn ju ìlọ́po mẹ́rin òjò Ìbàdàn lọ. Ẹ wá jẹ́ kí irú òjò bẹ́ẹ̀ rọ̀ fún mílíọ̀nù 2 ọdún. Òkúta dúdú tó dà bí irin máa ń jẹrà nínú ooru àti ọ̀rinrin, á di amọ̀ pupa, ọ̀gbàrá á sì wọ́ ọ lọ. Àfonífojì kan á jẹ ògiri èkejì, méjì á di ọ̀kan, títí gbogbo rẹ̀ á fi di ògiri gíga kan ṣoṣo tó ní ìlà gbọọrọ gbọọrọ lójú bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ́ léti. Ògiri náà ni wọ́n ń pè ní Pali.

Ọ̀pọ̀ àlejò, títí kan àwọn tó ń mú àlejò káàkiri, máa ń sọ pé Pali ni etí ìkòkò náà. Èmi náà gbà á gbọ́ ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ tí mo lò níbẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Etí kàlìdẹ́rà náà ti lọ tipẹ́, omi ló gbẹ́ Pali, ó sì ti gbẹ́ ẹ wọ ẹ̀yìn kọjá ibi tí etí náà wà rí. Àwọn kan nínú wa ṣì ń jiyàn lórí iye tí ilẹ̀ yíya ńlá yẹn kó nínú rẹ̀. Lójú tèmi, ilẹ̀ yíya ló ṣílẹ̀kùn, òjò ló wọlé ṣiṣẹ́. Ibi kan náà ni ogun Nuuanu ti parí lọ́dún 1795, nígbà tí àwọn ọmọ ogun ọba Kamehameha lé àwọn ará Oahu dé etí ògiri náà tí ọ̀pọ̀ wọn sì já sísàlẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń la ọ̀nà gba ibẹ̀ ní ọdún 1898, nǹkan bí 800 agbárí ni wọ́n bá. Ẹ̀rù ibẹ̀ ba èmi náà, àmọ́ ẹ̀rù àwọn tó lọ ni, kì í ṣe ti iná.

Mo ní mo ti wọ inú òkè náà. Nígbà tí Koolau wà láàyè, òkúta yíyọ́ máa ń la ilẹ̀ ní tínínrín kó tó jáde. Èyí tí kò bá rí ọ̀nà jáde á dì síbẹ̀, á di ògiri tó dúró ṣánṣán, tí kì í sábà nípọn ju mítà kan tàbí méjì lọ. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún irú ògiri bẹ́ẹ̀ ló tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn nínú òkè náà bí ìwé nínú àpótí. Òkúta ààrin wọn gba omi, àwọn ògiri yìí kò gbà á. Nítorí náà, òjò tó bá wọlẹ̀ á há sáàárín ògiri méjì, á sì dúró síbẹ̀ bí omi àmù. Láti ọdún 1913 sí 1916 ni àwọn olóko ìrèké gbẹ́ ihò Waiahole la òkè náà já, kí wọ́n lè fa omi apá tó ní òjò lọ sí apá tó gbẹ. Bí wọ́n ṣe ń lu ògiri kọ̀ọ̀kan ni omi ń bú lù wọ́n. Lónìí, irú omi yìí wà lára ohun tí àwọn ará Oahu ń mu. Ẹ bá mi rẹ́rìn-ín díẹ̀, Ìyá Ìbejì: òkè iná tó ń gba oorun lójú yín, àmù omi ni fún àwọn tó ń gbé ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹni tí kò fẹ́ wọ ihò lè wo àwọn ògiri náà ní etíkun Lanikai, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Kailua, níbi tí ìgbì òkun ti bó wọn síta, àti lára àwọn erékùṣù kéékèèké méjì tí wọ́n ń pè ní Mokulua. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gbàrá ṣe fún wa ní Ìdànrè àti Olúmọ, òkúta tó dì sábẹ́ ilẹ̀, tí ilẹ̀ orí rẹ̀ sì jẹ lọ. Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má fi wọ́n wé Koolau ní ti ọjọ́ orí. Àwọn tiwa ti lé ní mílíọ̀nù 500 ọdún. Ọmọ àná ni Koolau.

Àwọn onímọ̀ tún ti fi ẹ̀rọ wọn bí ilẹ̀ ṣe ń fa nǹkan mọ́ra ní gbogbo agbègbè náà. Abẹ́ Kailua ni ó ti fa nǹkan jù, ìyẹn ni pé òkúta abẹ́ rẹ̀ ṣùpọ̀, ó sì wúwo ju ti àyíká rẹ̀ lọ. Ibi tí iná ń gbà gòkè nígbà kan rí, òkúta tútù ló dí i pa.

Ó wá ku ohun kan tí mi ò gbọ́dọ̀ fi pamọ́ fún yín, torí bí mi ò bá sọ ọ́, àbúrò yín á rí i lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́la, á ní mo tàn yín jẹ. Lẹ́yìn tí Koolau kú, tó sì dákẹ́ ju mílíọ̀nù ọdún kan lọ, iná tún sọ jáde ní ojú ibi bí 40 káàkiri apá ìlà oòrùn Oahu. Ara wọn ni Diamond Head tó wà lórí gbogbo káàdì ìkíni Honolulu. Àwọn èèyàn rò pé Diamond Head ló bí ìlú náà. Rárá, àtẹ̀yìnwá ló jẹ́, kékeré ni sí Koolau. Punchbowl, níbi tí wọ́n ń sin àwọn ológun sí láti ọdún 1949, wà lára wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni Hanauma, níbi tí àwọn èèyàn ti ń lúwẹ̀ẹ́ wo ẹja. Kódà inú bárékè tí Kẹ́hìndé ti ń ṣiṣẹ́ gan-an, ọ̀kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Ulupau. Èyí tó kẹ́yìn nínú wọn kò tíì pé 100,000 ọdún. Fún èmi àti ẹ̀yin, ìyẹn ti jìnnà kọjá ohun tí ọkàn lè gbé. Fún òkè, kò jìnnà. Nítorí náà, onímọ̀ tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní búra fún yín pé iná kò ní jáde ní Oahu mọ́ láéláé. Ohun tí a lè sọ ni pé kò sí àmì kankan, pé ìdákẹ́jẹ́ tó máa ń wà láàárín ọ̀kan sí èkejì jẹ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, pé ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ìmìtìtì ilẹ̀ wà káàkiri àwọn erékùṣù náà, àti pé bó bá tiẹ̀ ṣẹlẹ̀, ojú ibi tuntun ló máa ń gbà, kì í padà sínú kàlìdẹ́rà àtijọ́ dandan. Ilé Kailua kò léwu ju ilé Honolulu lọ ní ti iná. Bí èmi bá jẹ́ bàbá Kẹ́hìndé, ọ̀rọ̀ iná kò ní yọ kọ́bọ̀ kan nínú iye tí màá fẹ́ kó san.

Omi ló máa yọ ọ́. Ní àárín Kailua, ní ibi tí àárín ìkòkò náà wà nígbà kan, ẹrẹ̀ ńlá kan wà tó ń jẹ́ Kawainui. Òun ló tóbi jù nínú irú rẹ̀ ní gbogbo Hawaii. Ọ̀sà tó so mọ́ òkun ló jẹ́ tẹ́lẹ̀, àwọn ọmọ ilẹ̀ náà sọ ọ́ di adágún ẹja, àwọn àgbẹ̀ ará Ṣáínà tún gbin ìrẹsì síbẹ̀. Omi tó bá ya láti ara Pali ní ẹ̀yìn Kailua, ibẹ̀ ló ń bọ̀. Wọ́n wá kọ́ ilé sí ìsàlẹ̀ láàárín ẹrẹ̀ yìí àti òkun, ní àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Coconut Grove, wọ́n sì mọ ìdènà amọ̀ sáàárín. Ní òru ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún 1987, nígbà tí àwọn èèyàn ń retí ọdún tuntun, òjò rọ̀ títí omi fi bò ìdènà náà kọjá, ó sì wọlé tọ àwọn èèyàn lọ. Koríko tó ti hù bo ẹrẹ̀ náà ti jẹ́ kí omi há sí ẹ̀gbẹ́ kan. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé ìdènà náà ga sí i. Ẹ̀yin tí ẹ gbé Ìbàdàn nígbà omíyalé Ògùnpa lọ́dún 1980, ẹ ò nílò kí n ṣàlàyé bí odò kékeré ṣe ń di ọ̀tá láàárín òru kan.

Nítorí náà, ẹ ní kí Kẹ́hìndé béèrè ibi tí ilé náà wà gan-an. Bó bá jẹ́ ìsàlẹ̀ lẹ́bàá ẹrẹ̀, ilé náà lè dín lówó díẹ̀, ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú, ó sì sún mọ́ etíkun, àmọ́ kó wo máàpù omíyalé ìjọba kó tó fọwọ́ sí ìwé. Ìṣúránsì ilé lásán kì í san owó omíyalé ní Amẹ́ríkà, ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń ra tìyẹn, bí ilé bá sì wà ní ibi tí máàpù kà sí eléwu, báńkì á fipá mú un rà á. Kó fi owó yẹn kún iye ilé kó tó sọ pé ó pọ́ọ́kú. Bó bá jẹ́ etíkun pátápátá, kó wo máàpù sùnámì pẹ̀lú. Ti ọdún 1946 pa èèyàn 159 ní àwọn erékùṣù náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Hilo ní Erékùṣù Ńlá ló fara gbá a jù. Bó bá jẹ́ ẹsẹ̀ òkè, omi kò ní wọlé, àmọ́ òjò kan náà tó gbẹ́ Pali ṣì ń gbẹ́ ẹ. Ní ọdún 1999, òkúta já lu àwọn tó wá gbafẹ́ lábẹ́ ìṣàn omi kan lára Koolau, ó pa mẹ́jọ, wọ́n sì ti ibẹ̀ pa títí di òní. Kó wo ẹ̀yìn ilé: bí òkúta ńlá bá wà nínú àgbàlá tí kò sí ẹni tó gbé e síbẹ̀, kó béèrè ibi tó ti wá. Kó wo ògiri fún lílà tó dà bí àtẹ̀gùn, torí amọ̀ tó ń wú nígbà òjò tó sì ń sún kì nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ti da ilé rú ní àwọn àfonífojì kan ní apá Honolulu. Kó yá ilé gbé fún ọdún kan kó tó rà, lójú tèmi òun ló dára jù, pàápàá fún ẹni tí iṣẹ́ ológun lè gbé lọ síbòmíràn. Kó la àsìkò òjò kan kọjá níbẹ̀. Oṣù Kọkànlá sí oṣù Kẹta ni òjò ibẹ̀ ń le. Mi ò rí ilé náà, n kò sì lè dúró ní Ìbàdàn kí n sọ pé kó rà á tàbí kó má rà á. Onímọ̀ ẹ̀rọ tó bá dúró nínú àgbàlá rẹ̀ fún wákàtí kan á mọ̀ jù mí lọ.

Ní ti òkúta, ẹ má jù ú nù. Ọ̀pọ̀ ará Hawaii á sọ fún yín pé èpè tí wọ́n ní Pele máa ń ṣẹ́ lé ẹni tó kó òkúta kì í ṣe ara ìtàn àwọn bàbá wọn, ọ̀rọ̀ tuntun ni láàárín àwọn arìnrìn-àjò. Síbẹ̀, àwọn àlejò ń fi òkúta ránṣẹ́ padà lọ́dọọdún nítorí rẹ̀. Ohun tó dá mi lójú ni pé òfin kò gbà kí wọ́n kó o nínú ọgbà ìjọba, nítorí náà ẹ bi Kẹ́hìndé ibi tó ti ṣà á. Àmì funfun tó wà lára rẹ̀ ló mú inú mi dùn. Nígbà tí òkúta náà ṣì jẹ́ olómi, ìfófòó wà nínú rẹ̀, ó sì dì pẹ̀lú ihò wínníwínní. Nígbà tí Koolau ń kú lọ, omi gbígbóná ń yí káàkiri nínú ìkòkò náà, ó ń fi èròjà funfun dí àwọn ihò yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan. Irú òkúta bẹ́ẹ̀ pọ̀ ní àárín kàlìdẹ́rà ní Kailua, ó ṣọ̀wọ́n lẹ́yìn rẹ̀, àmọ́ mi ò lè fi lẹ́tà nìkan jẹ́rìí sí i. Ẹ fi omi àti búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́, ẹ gbé e sójú oòrùn, kí ẹ wá mú ọ̀bẹ ìdáná kan tó mú, kí ẹ fi ha ọ̀kan nínú àwọn àmì funfun náà. Bí ọ̀bẹ bá ha á tó sì bu lẹ́bú, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi. Bí ọ̀bẹ kò bá ràn án, tó kàn fi àmì irin dúdú sílẹ̀ lára rẹ̀, a jẹ́ pé kúọ́tsì ni, ìyẹn èròjà òkúta kan tó le ju irin ọ̀bẹ lọ, ẹ sì kọ ìyẹn náà ránṣẹ́.